Ẹrù Tí Ó Wà Nínú “Mo Ti Gbọ́”

Nígbà tí a bá ké sí ènìyàn kan ṣoṣo, tí a dárúkọ rẹ̀, tí a sì ń wo ojú rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò ní ìdíjú púpọ̀: bí ó bá jẹ́, ó jẹ́, bí ó bá dákẹ́, ẹ̀bi dídákẹ́ náà wà lọ́rùn òun nìkan. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni a ké sí lẹ́ẹ̀kan náà, tí igbe náà sì ti inú ẹ̀rọ jáde, ẹ̀rọ tí kò mọ ojú, tí kò mọ ìran, tí kò mọ̀ ju nọ́ńbà lọ, ọ̀ràn mìíràn ni ó yọjú, èyí tí àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn ti ń yẹ̀ wò láti ọjọ́ pípẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó rò ó pé ẹ̀rọ lè ké gbàjarè: ta ni irú ìpè bẹ́ẹ̀ kàn, kí sì ni ẹni tí ó kọ́kọ́ dáhùn fi ìdáhùn rẹ̀ ṣe sí àwọn yòókù?

Ojú òkun ni ọ̀ràn yìí ti kọ́kọ́ le mọ́ aráyé lọ́wọ́, nítorí pé lórí ilẹ̀, ẹni tí ó bá fi igbe ta mọ̀ pé ilé kan wà níwájú òun, ilé kan sì wà lẹ́yìn, ṣùgbọ́n lórí òkun, alagbalúgbú omi, ọba odò tí kò ṣe é fi igbá gbọ́n, ẹni tí ń rì kò mọ ẹni tí ó wà nítòsí. Ní òru ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹrin ọdún 1912, nígbà tí ọkọ̀ Titanic fi ìhà gbá òkìtì yìnyín nínú òkun Àtìláńtíìkì, ọkọ̀ mìíràn tí ń jẹ́ Californian ti dúró sójú kan ní agbègbè náà nítorí yìnyín kan náà. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń tọ́jú ẹ̀rọ wáyálẹ́ẹ̀sì inú rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Cyril Evans. Iṣẹ́ ọjọ́ náà ti rẹ̀ ẹ́, ó sì ti lọ sùn ní ìwọ̀nba ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ọkọ̀ ńlá náà tó gbá yìnyín. Àwọn tí ń ṣọ́ Californian rí iná funfun tí a ń yìn sójú sánmà lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n sọ fún ọ̀gá ọkọ̀ wọn, Stanley Lord, ẹni tí ó ti fẹ̀yìn lélẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa fi fìtílà ṣẹ́jú sí ọkọ̀ tí wọ́n ń wò lọ́ọ̀ọ́kán. Kò sì sí ẹni tí ó lọ jí Evans títí ilẹ̀ fi fẹ́ mọ́. Ọkọ̀ Carpathia tí ó wà ní ọ̀nà jíjìn ni ó gbọ́ ìpè, Arthur Rostron ọ̀gá rẹ̀ sì darí rẹ̀ gba àárín yìnyín kọjá nínú òkùnkùn. Ó kó àwọn tí ó lé ní 700, nígbà tí nǹkan bí 1,500 ènìyàn ti bá omi lọ. Títí di òní ni wọ́n ń jiyàn lórí bí Californian ti súnmọ́ tó, àti bóyá ì bá rí ẹnikẹ́ni gbà là, n kò sì ní dá sí iyàn náà. Ohun tí ó jẹ mí lógún ni irú ìpè tí iná funfun wọ̀nyẹn jẹ́. Iná tí a yìn sójú ọ̀run kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Gbogbo ojú tí ó bá rí i ni ó ń pè, nítorí náà olójú kọ̀ọ̀kan lè rò pé ẹlòmíràn ni ó ń bá wí. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, bẹ́ẹ̀ ni a máa ń sọ. Ṣùgbọ́n ọjà tí àgbà kan wà ni òwe náà ń sọ. Kí ni kí a wá wí nípa ọjà tí ogún àgbà jókòó sí, tí olúkúlùkù ń wo ẹnu ẹnìkejì rẹ̀?

Àwọn orílẹ̀-èdè péjọ sí Lọ́ńdọ̀nù lẹ́yìn àjálù náà, wọ́n sì fọwọ́ sí àdéhùn ní oṣù kìíní ọdún 1914 lórí ààbò ẹ̀mí lójú òkun, pẹ̀lú òfin nípa wáyálẹ́ẹ̀sì àti nípa etí tí yóò máa ṣọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dá ọgbọ́n ẹ̀rọ tí ń jí olùgbọ́: ọkọ̀ tí ó wà nínú ewu yóò fọn ohùn gígùn méjìlá, ìṣẹ́jú àáyá 4 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, àlàfo ìṣẹ́jú àáyá 1 láàárín wọn, odindi ìṣẹ́jú kan, ẹ̀rọ inú ọkọ̀ mìíràn yóò dá ohùn náà mọ̀, yóò sì lu agogo tí yóò jí ẹni tí ń sùn. Ìpè ti di ti ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ìdáhùn ṣì kù sí ènìyàn lọ́wọ́.

Ètò tí ó rọ́pò ti àtijọ́ pátápátá ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 1999 ni ó wá mú ìdáhùn pàápàá wọ inú ẹ̀rọ. Nísinsìnyí, ọkọ̀ tí ewu bá dé bá yóò ṣí ìdérí kan, yóò sì tẹ bọ́tìnnì pupa tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Rédíò yóò fi nọ́ńbà mẹ́sàn-án tí a fi ń dá ọkọ̀ náà mọ̀ ránṣẹ́ lórí ìkànnì 70, pẹ̀lú ibi tí ó wà lórí omi àti aago tí ó lù, agogo yóò sì dún lẹ́ẹ̀kan náà nínú gbogbo ọkọ̀ tí ó wà nítòsí àti nínú ibùdó etíkun tí ohùn náà bá lè dé. Bí a kò bá dáhùn, ẹ̀rọ náà yóò tún ké lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú 4, yóò tún ké, yóò tún ké. Kì í rẹ̀ ẹ́, ojú kì í sì í tì í. Yàtọ̀ sí kí àwọn tí ó tẹ̀ ẹ́ dá a dúró fúnra wọn, ohun kan ṣoṣo ni ó ń pa á lẹ́nu mọ́: kí ẹ̀rọ mìíràn fi èsì ránṣẹ́ sí i pé a ti gbọ́.

Èyí ni ó fa òfin kan tí ó máa ń ya ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu. A kọ́ àwọn atukọ̀ pé bí wọ́n bá gbọ́ ìpè yìí ní ibi tí ibùdó etíkun lè gbọ́ ọ, kí wọ́n má ṣe yára fi ẹ̀rọ dáhùn. Kí wọ́n kọ ibi tí ọkọ̀ náà wà sílẹ̀. Kí wọ́n tẹ́tí sí ìkànnì 16 níbi tí a ti ń fi ohùn ẹnu sọ̀rọ̀. Kí wọ́n fún ibùdó láàyè láti dáhùn, nítorí ibùdó ni ó lè rán ọkọ̀ ìgbanilà àti ẹlikópítà, tí ó sì mọ ẹni tí yóò tún ké sí. Bí ọkọ̀ kékeré kan tí kò lè ṣe ohunkóhun bá sáré dáhùn, igbe náà yóò dákẹ́, ibùdó tí ó lè ṣe ohun gbogbo sì lè má gbọ́ rárá.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níhìn-ín. Láti kékeré ni a ti ń kọ́ wa pé dídákẹ́ ni ẹ̀ṣẹ̀, pé ẹni tí ó dáhùn ti ṣe ojúṣe rẹ̀, ó ku ẹni tí ó di etí; àwọn àgbà pàápàá wí pé ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ṣùgbọ́n òfin òkun yìí fi hàn pé nígbà tí ìpè bá jẹ́ ti ọ̀pọ̀ ènìyàn, tí ìdáhùn ẹnì kan sì lè pa ìpè náà, ẹni tí ó dáhùn kò sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀ nìkan mọ́. Ó ti sọ̀rọ̀ lórúkọ gbogbo àwọn tí ó gbọ́, ó sì ti dá wọn padà sílé. Ìyá tí ó jókòó nídìí ààrò ní ìrọ̀lẹ́, tí ó ké sí agbo àwọn ọmọ tí ń ṣeré ní ẹ̀yìnkùlé pé kí wọ́n sáré bu omi wá, kò ní tún pè mọ́ bí ọmọ kan bá ti dáhùn pé, “Mo ń bọ̀, Mà”. Àwọn yòókù yóò padà sídìí eré wọn, ọkàn wọn yóò sì mọ́, nítorí wọn kò jẹ̀bi. Bí ọmọ náà kò bá wá lọ, tí ọbẹ̀ sì jóná, òun nìkan ni ó jó o. Adákẹ́, ní tirẹ̀, kò fún ẹni tí ń rì ní ohunkóhun, ṣùgbọ́n kò gba ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀. Ìpè náà ṣì wà láàyè, ó sì lè dé etí ẹlòmíràn. Ẹni tí ó fi ẹnu lásán jẹ́ ìpè ni ó pa á. Nítorí náà ni mo ṣe gbà pé, níbi tí a bá ti pe ọ̀pọ̀ ènìyàn, ìjẹ́pè asán burú ju àìjẹ́ lọ, ó sì yẹ kí ẹ̀rí ọkàn wa máa bẹ̀rù rẹ̀ ju bí ó ti ń bẹ̀rù rẹ̀ lọ.

Àwọn baba wa kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú jíjẹ́ ìpè. Wọ́n a máa kìlọ̀ fún ọmọ pé bí ó bá gbọ́ orúkọ rẹ̀ lóru láti ẹnu ẹni tí kò rí, kí ó má ṣe jẹ́ títí yóò fi mọ ẹni tí ó pè é. Ohun yòówù kí a rò nípa ìgbàgbọ́ náà, òye kan wà nínú rẹ̀ tí n kò fẹ́ kí ó sọnù: pé ẹni tí ó bá jẹ́ ìpè ti fi nǹkan lélẹ̀.

Àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ ìdágìrì fún orí ilẹ̀ pàápàá mọ èyí. Ní ilé ìwòsàn, ní ẹgbẹ́ panápaná tí àwọn olùyọ̀ǹda ara wọn ń ṣe, ní ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà ńláńlá tí iṣẹ́ ìlú gbé ara lé, ẹ̀rọ kan lè ránṣẹ́ sí fóònù gbogbo ẹgbẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí a pè yóò tẹ nọ́ńbà kan láti sọ pé òun ti gbà á, òmíràn láti sọ pé òun kò lè ṣe é, òmíràn nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Bí ẹnì kan bá gbà, ẹ̀rọ náà yóò fi àwọn yòókù sílẹ̀; bí gbogbo wọn bá dákẹ́, yóò dúró títí àkókò tí a dá fún un yóò fi pé, lẹ́yìn náà yóò gba ọ̀dọ̀ ọ̀gá wọn lọ, láti orí àtẹ̀gùn kan dé èkejì. Mo fẹ́ràn ohun kan nínú ọgbọ́n àwọn tí ó ṣe é. Gbígbà àti píparí jẹ́ nǹkan méjì nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀, a sì lè ṣètò rẹ̀ pé bí ẹni tí ó gbà kò bá sọ pé òun ti parí láàárín wákàtí kan tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀, kí agogo tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ẹni pé kò sí ẹni tí ó dáhùn rí. Ẹ̀rọ náà gba ọ̀rọ̀ ènìyàn gbọ́, ṣùgbọ́n kò gbà á gbọ́ títí láé.

Ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún ṣáájú ẹ̀rọ ni àwọn onímọ̀ òfin ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti rin ọ̀nà yìí já. Wọ́n pín iṣẹ́ tí Ọlọ́run sọ di dandan sí ọ̀nà méjì: èyí tí ó wà lọ́rùn olúkúlùkù, bí ìrun wákàtí márùn-ún, tí ẹnikẹ́ni kò lè bá ẹlòmíràn ṣe, àti èyí tí ó wà lọ́rùn gbogbo ìjọ papọ̀, tí wọ́n ń pè ní farḍ kifāyah. Bí mùsùlùmí kan bá kú, wíwẹ̀ ẹ́, kíkírun sí i lára àti sísin ín di gbèsè lọ́rùn gbogbo wọn. Bí àwọn díẹ̀ bá ṣe é, gbèsè ti kúrò lọ́rùn gbogbo wọn. Bí kò bá sí ẹni tí ó ṣe é, gbogbo àwọn tí ó mọ̀, tí agbára wọn sì ká a, ni ó jẹ̀bi. Bẹ́ẹ̀ náà ni sálámà: bí a bá kí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó jókòó pọ̀, ẹnì kan lè dáhùn fún wọn. Àwọn kan nínú àwọn onímọ̀ náà sì wí pé bí àwọn tí ó súnmọ́ jù lọ kò bá ṣe é, tàbí tí agbára wọn kò tó o, dandan náà yóò tàn dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ó tẹ̀ lé wọn, àti àwọn tí ó tún tẹ̀ lé ìyẹn, títí yóò fi kárí. Àtẹ̀gùn kan náà tí ẹ̀rọ òde òní ń gùn nìyí, àyàfi pé ìbẹ̀rù Ọlọ́run ni ó ń tì í gòkè dípò aago.

Ohun tí mo fẹ́ kí a kíyè sí ju ìyókù lọ ni pé iṣẹ́ ni ó ń san gbèsè náà, kì í ṣe ìlérí. Ẹni tí ó wí pé òun yóò sin òkú kò tíì gbé òkú kúrò nílẹ̀. Àwọn ará ìlú tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, tí ó sì dá wọn lójú gidigidi pé yóò ṣe é, ní àwíjàre níwájú Ọlọ́run, Ọba Arínú-róde, Olùmọ̀ràn-ọkàn, nítorí pé ohun tí ó dá ènìyàn lójú tọkàntọkàn ni a fi ń wọn ẹ̀bi rẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí gbogbo ẹrù náà fi padà sórí ẹni tí ó mú un dá wọn lójú.

Nínú Ìhìnrere Mátíù, Olúwa wa pa òwe baba kan tí ó ní ọmọkùnrin méjì. Ó rán èkíní lọ sí oko àjàrà, ọmọ náà kọ̀, ṣùgbọ́n ó ronú pìwà dà, ó sì lọ. Ó rán èkejì, ọmọ náà fi ọ̀wọ̀ dáhùn pé òun ń lọ, kò sì lọ. A ti wàásù lórí rẹ̀ láti ìran dé ìran pé ìgbọràn sàn ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ, òtítọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n nínú òwe náà, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni baba bá wọn sọ̀rọ̀, nítorí náà ni oko fi rí ẹni tí yóò ro ó. Ká ní papọ̀ ni ó pè wọ́n, kí ọmọ tí ó ń fi ọ̀wọ̀ sọ̀rọ̀ yìí sì kọ́kọ́ dáhùn, èkíní kì bá tí rí ìdí kankan láti ronú pìwà dà. Baba ì bá ti yí ẹ̀yìn padà, ọkàn rẹ̀ ì bá ti balẹ̀, èso àjàrà ì bá sì rà mọ́ orí igi. Ẹ̀ṣẹ̀ tí ọmọ yẹn ṣẹ̀ sí baba rẹ̀ ni a ti ń wàásù lé lórí. Èyí tí ì bá ṣẹ̀ sí arákùnrin rẹ̀, nípa gbígba àyè ìrònúpìwàdà mọ́ ọn lọ́wọ́, ni a kò tíì fi bẹ́ẹ̀ rò.

Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí wa. Nínú àwọn ẹgbẹ́ orí WhatsApp tí ìjọ, àdúgbò àti mọ̀lẹ́bí wa ń lò, bí ẹnì kan bá kọ ọ́ síbẹ̀ lóru pé àìsàn dá ìyàwó òun wólẹ̀, pé òun ń wá ọkọ̀ tí yóò gbé e dé ilé ìwòsàn, kì í pẹ́ kí ìdáhùn tó kún ojú fóònù: ẹnì kan á ní Ọlọ́run á ṣàánú, ẹlòmíràn á ní kò ní kú, ogún ènìyàn á sì ṣe àmín. N kò bu ẹnu àtẹ́ lu àdúrà, nítorí èmi náà ń gbà á, mo sì mọ ohun tí ó ti ṣe fún mi. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ta jí ní aago mẹ́ta òru, tí ó rí ogún ìdáhùn lábẹ́ ìpè kan, yóò rò pé ọ̀rọ̀ náà ti ní alámòójútó, yóò sì yí ẹ̀gbẹ́ sùn, nígbà tí ó lè jẹ́ pé òun gan-an ni ọkọ̀ rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Jákọ́bù, nínú episteli rẹ̀, bá ẹni tí ó fi ọ̀rọ̀ rere ránṣẹ́ sí arákùnrin tí ó wà ní ìhòòhò, tí ebi sì ń pa á, wí gidigidi, nítorí pé kò fún un ní ohun tí ara ń fẹ́. Lórí fóònù, ọ̀rọ̀ rere náà lè ṣe ju àìfúnni lọ. Ó lè dí ojú ẹni tí ì bá fúnni. Bí a ó bá gbàdúrà níbẹ̀, ó yẹ kí a kọ ọ́ mọ́ àdúrà náà pé a kò tíì rí ọkọ̀.

Ẹnì kan lè bi mí pé ṣé kí a wá máa dákẹ́ ni. Rárá o. Ní ọdún 1968, àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ènìyàn méjì ní New York, John Darley àti Bibb Latané, tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n fi akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan sínú yàrá tirẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kí ó gbọ́ nínú ẹ̀rọ ohùn ẹnì kan tí ó dà bí ẹni pé gìrì mú lójijì. Nínú àwọn tí ó rò pé àwọn nìkan ni ó gbọ́, ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún jáde lọ wá olùrànlọ́wọ́ kí ohùn náà tó dákẹ́. Nínú àwọn tí ó rò pé àwọn mẹ́rin mìíràn tún ń gbọ́ ọ, ìdá 31 péré ni. Ìkà kọ́ ni àwọn tí kò jáde. Ara wọn kò balẹ̀, ọwọ́ àwọn mìíràn tilẹ̀ ń gbọ̀n. Wọn kò pinnu láti lọ, wọn kò sì pinnu láti jókòó. Irú dídákẹ́ yẹn ni a bá nínú Californian, kì í sì í ṣe òun ni òfin òkun pa láṣẹ. Atukọ̀ tí ó gbọ́ ìpè tí kò sì fi ẹ̀rọ dáhùn ti ṣe ìpinnu: ó ti kọ ibi tí ọkọ̀ náà wà sílẹ̀, etí rẹ̀ wà lórí ìkànnì 16, ojú rẹ̀ wà lára aago, bí ibùdó kò bá sọ̀rọ̀, òun yóò fi ohùn ẹnu bá àwọn tí ń rì náà sọ̀rọ̀, yóò sì wá gbogbo ọ̀nà láti mú igbe wọn dé etí àwọn tí ó wà lórí ilẹ̀. Nígbà tí ìyẹn bá ti dájú ni ó tó lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ẹ̀rọ pa igbe náà lẹ́nu mọ́. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, ẹni tí ó bá sì rí iná lórí òrùlé ẹlòmíràn, tí kò ní omi, ṣì ní ẹnu tí yóò fi pe olómi.

Ó ku ìdáhùn kan tí a kì í bọ̀wọ̀ fún láàárín wa, ìyẹn ni “N kò lè wá.” Ìtìjú ni a kà á sí. Ojú àgbà, ojú Bàbá Ìjọ, ojú Lémọ̀ọ́mù, ojú àna, gbogbo wọn ni ó ń mú kí ènìyàn gba ohun tí ó mọ̀ pé òun kò ní ṣe, nítorí pé “mo ń bọ̀” dùn létí, kíkọ̀ sì dà bí àrífín. Àwọn kan nínú àwọn olórí ẹgbẹ́ tí ń ṣètò ẹ̀rọ ìdágìrì máa ń fẹ́ yọ bọ́tìnnì kíkọ̀ kúrò, wọ́n ní yóò sọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ di ọ̀lẹ. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò lè wá, tí a kò sì fún ní ọ̀nà láti sọ ọ́, ọ̀nà méjì ni ó kù fún un, kí ó dákẹ́ tàbí kí ó purọ́. Bákan náà ni ẹni tí ó ti gbà, tí ó sì rí i lójú ọ̀nà pé agbára òun kò ká a. Ó yẹ kí ó lè dá ìpè náà padà láìsí pé ẹnikẹ́ni bú u, kí agogo lè tún dún sí ẹlòmíràn. Ọmọ kìíní nínú òwe Mátíù kò fi baba rẹ̀ ṣẹ̀sín nígbà tí ó kọ̀. Baba náà mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé, ó sì ní àyè láti bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀. Níbi tí ẹ̀rọ bá ti ń dúró fún ìṣẹ́jú 5 kí ó tó fi ẹnì kan sílẹ̀ pe ẹni tí ó kàn, ẹni tí ó kọ̀ ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ti fi ìṣẹ́jú 4 lé ẹni tí ó wà nínú ewu lọ́wọ́.